Kí A Tó Sọ Oko Di Ilé, Kí A Kọ́kọ́ Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ẹsẹ̀ kan ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí odò náà bá jìn, a óò fa ẹsẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa níbí, ní Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ẹsẹ̀ méjèèjì ni a fi ń kó sínú odò. A ń sọ oko di ilẹ̀ ilé, a kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo ọ̀nà ọ̀dà tó ti Àjàṣẹ́ wá dé Igolo, ní ẹnu ibodè Nàìjíríà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀pẹ ni ojú ń rí lọ́tùn-ún àti lósì. Lónìí, láàárín ọ̀pẹ àti gbágùúdá, òpó símẹ́ǹtì kékeré ló ń yọ orí. Ẹni tó bá rí òpó yẹn, kó mọ̀ pé wọ́n ti wọn oko náà, wọ́n sì ti gé e sí parcelle. Èyí ni wọ́n ń pè ní lotissement.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ọmọ wa ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ rà ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ ń wá ibi tí owó ilẹ̀ kò ti ga. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kí a tó béèrè ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹ mú bébà àti bíróò, ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Òrùlé páànù kan gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tí omi rẹ̀ tó mílímítà 50, lítà omi 5,000 ni yóò ṣàn sílẹ̀ láti orí òrùlé yẹn. Ẹ fi àgbá lítà 200 wọ̀n ọ́n: àgbá 25 ni. Ilé kan péré nìyẹn. Bí ilé bá di 100, ó di àgbá 2,500, nínú òjò kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ilẹ̀ pupa wa ń mu púpọ̀ nínú omi náà, gbòǹgbò sì ń di ilẹ̀ mú. Páànù kì í mu omi. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti tẹ̀ le kì í mu ún dáadáa. Omi yóò wá ọ̀nà gbà. Ilé ta ni yóò wọ̀? Ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni.

Ní ọdún 2010, omi bo ilẹ̀ Benin. Ó dé kómúùnù 55 nínú 77, ó sì kan ènìyàn bíi 680,000. Òjò ọdún náà pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ni omi kọ́kọ́ ń wọ̀.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, tó sì dára fún ara. Òfin 98-030 ti ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999 sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó lè ba àyíká jẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò náà ń béèrè pé: Kí ló wà níbẹ̀ báyìí? Kí ni iṣẹ́ náà yóò bà jẹ́? Báwo ni a óò ṣe dín ìbàjẹ́ náà kù? Ta ni yóò ṣe é? Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Agence Béninoise pour l'Environnement ló ń yẹ ìwé àyẹ̀wò náà wò. Bí ó bá dára, mínísítà tó ń rí sí àyíká yóò fi ìwé ẹ̀rí lé olùbéèrè lọ́wọ́. Òfin yẹn kan náà sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé ìta gbangba, audience publique, níbi tí ará ìlú ti lè sọ èrò ọkàn wọn.

Bí òfin bá wà, kí ló dé tí nǹkan rí bó ṣe rí? Ìdí méjì ni mo rí.

Ìdí kìíní: iṣẹ́ ńlá ni ojú ń rí. Ní Ouèdo, ní kómúùnù Abomey-Calavi, ìjọba pète ilé tó lé ní 10,000, nínú ètò ilé 20,000 fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Ṣùgbọ́n tiwa ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdílé kan ta hẹ́kítà kan, ìdílé kejì ta méjì. Oníkálukú ní tòun kéré, kò nílò àyẹ̀wò. Nígbà tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, abúlé odidi ti lọ.

Ìdí kejì: àwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún kan, ìdílé kan pè mí pé kí n wá ka ìwé fún wọn, nítorí èmi ni mo mọ̀wé. Ìwé títa oko ni. Mo ka iye parcelle, mo ka iye owó. N kò rí ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Mo kà á tán, mo ní ó dára, wọ́n sì tẹ ìka. Obìnrin kan nínú kíláàsì mi ló yá oko náà, gbágùúdá ló gbìn sí i, gàrí ló ń fi í ṣe. Wọ́n ní kó wu gbágùúdá rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Kò tíì gbó. Olóko gba owó. Ẹni tó wọn ilẹ̀ gba owó. Òun kò gba nǹkan kan. Kò wá sí kíláàsì mọ́. Ojú ń tì mí títí di òní. Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò tòótọ́, orúkọ rẹ̀ ì bá wà nínú ìwé, nítorí àyẹ̀wò tó péye ń ka gbogbo ẹni tí ilẹ̀ ń bọ́, kì í ka olóko nìkan.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ilẹ̀ bàbá mi ni, mo lè tà á bó ṣe wù mí." Ilẹ̀ rẹ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀ ń wọ ilé ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn yóò ní, "Àyẹ̀wò ń pẹ́, ó sì ń gba owó." Ọ̀nà tí ọ̀gbàrá gé sí méjì ńkọ́? Kàǹga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá ńkọ́? Ta ló ń san owó ìyẹn? Àwọn kẹta yóò ní, "Olówó á kàn ra ìwé ẹ̀rí ni." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìlú kò kà ló rọrùn láti rà. Ẹ tún rántí pé ọ̀pẹ tó dára lè máa so fún ọdún 25. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń ta ilẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí:

1. Bí ẹ bá rí òpó símẹ́ǹtì nínú oko, ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ sí mairie. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò àyíká.

2. Kí mairie ka gbogbo oko tí wọ́n ń gé pọ̀, kí wọ́n má kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì yan oko tí ilé kò gbọ́dọ̀ dé.

3. Kí ìpàdé wáyé ní Nàgó àti ní Gùn, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí àwọn obìnrin lè wá. Ìwé Faransé tó nípọn kò tó.

4. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yá oko sílẹ̀, kí wọ́n dúró kí ó kórè.

5. Òfin ilẹ̀ 2013-01 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ oko tó ju hẹ́kítà 2 lọ gbọ́dọ̀ fi ohun tó fẹ́ fi í ṣe hàn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè ìwé yẹn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, a kò kọ́ ìwé kíkà nítorí kí a lè kọ orúkọ wa nìkan. Bí wọ́n bá gbé bébà oko wá fún yín, ẹ má tíì tẹ ìka. Ẹ kà á tán. Ẹ wá ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dá bébà náà padà.