Kí a tó tẹ ìka: ọ̀rọ̀ owó yíyá àti orúkọ wa



Láyé àwọn bàbá wa, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó a rán ológò lọ jókòó tì í. Ológò a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa pariwo, a máa jẹ, a máa mu, títí ojú á fi ti onígbèsè àti gbogbo ẹbí rẹ̀. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ológò wà. Kò pariwo, a ò sì rí i, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí a bá lọ láti yá owó, ó ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ó lè jókòó ti ẹni tí kò jẹ gbèsè kankan.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni mò ń bá wí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìwé ẹlòmíì ni mò ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì, owó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ báǹkì kan, ọdún kan ààbọ̀ sì kọjá kí n tó béèrè relevé. Ọjọ́ tí mo béèrè rẹ̀, mo rí i pé wọ́n ń yọ owó káàtì tí n kò gbà rí, àti owó SMS tí kò wọ tẹlifóònù mi rí. Tí a bá wò ó lóṣooṣù, owó kékeré ni. Nígbà tí mo rò ó pọ̀, ó ju owó àpò àgbàdo kan lọ. Mo kọ lẹ́tà, mo gbé e lọ fúnra mi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Bàbá, gbogbo èèyàn la máa ń yọ ọ́ fún, ẹ má bínú." Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ò fọwọ́ sí i." Mo gba décharge, mo lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n dá apá kan padà, wọ́n sì dáwọ́ yíyọ rẹ̀ dúró. Ká ní mo dákẹ́ ni, wọn ì bá ṣì máa yọ ọ́ títí di òní. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2014 ni BCEAO ti pàṣẹ pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí báǹkì kò gbọdọ̀ gba owó lé lórí ní gbogbo ilẹ̀ UEMOA. Ṣíṣí àpótí owó wà nínú wọn, títì í wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi owó lé e àti gbígba owó oṣù síbẹ̀. Ọdún 2014 yẹn kan náà ni ààlà tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí owó èlé: nígbà náà, wọ́n ní báǹkì kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 15 nínú 100 lọ́dún, àwọn ilé owó kéékèèké tó ń yá àwọn oníṣòwò wa lówó kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdá 24.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, nítorí ibí yìí ni wọ́n ti ń mú wa. Wọ́n lè sọ fún yín pé, "Owó èlé wa ò ju 2 nínú 100 lọ lóṣù." 2 lọ́nà 12, 24 ni, ó dà bíi pé kò kọjá ààlà ọdún 2014 yẹn. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá kan yá 300 000 fráǹkì fún oṣù 12, tó sì ń dá 25 000 padà nínú ojú owó lóṣooṣù. Bí a bá ń ṣírò èlé lórí ohun tó kù lọ́rùn rẹ̀, gbogbo èlé rẹ̀ jẹ́ 39 000. Bí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀ lórí 300 000 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni pé kò tíì san nǹkan kan, ó di 72 000. Ẹnu kan náà ló sọ 2 nínú 100, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì yìí ti kọjá ààlà òfin.

Ó tún kù. Wọ́n á yọ frais de dossier, wọ́n á yọ owó assurance, wọ́n á di díẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Ìyá tí wọ́n kọ 300 000 sí lọ́rùn lè gbé 250 000 délé, kó sì máa san èlé lórí owó tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Nítorí náà ni òfin fi ní kí wọ́n kọ TEG sínú ìwé àdéhùn. TEG ni àpapọ̀ ohun tí owó náà yóò ná wa lọ́dún, pẹ̀lú frais de dossier nínú rẹ̀. Òun ni kí a béèrè, kì í ṣe èlé oṣù.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ológò inú kọ̀ǹpútà. Orúkọ rẹ̀ ni Bureau d'Information sur le Crédit, BIC. BCEAO ló gbé e kalẹ̀, Abidjan ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà, láti ọdún 2016 ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ UEMOA. Báǹkì àti ilé owó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀: ẹni tó yá, iye tó yá, bó ṣe ń san án. Iṣẹ́ náà kò burú fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ déédéé yóò ní ẹ̀rí rere tó lè mú kí wọ́n yá a lówó púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé kan bá ṣe àṣìṣe, ta ni yóò mọ̀?

Ìyá kan ní ọjà wa wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin márùn-ún tó jọ yá owó. Ó san tirẹ̀ tán. Ẹnì kan nínú wọn sá lọ, àwọn mẹ́rin tó kù sì dá owó náà san. Ọdún kejì, ó lọ sí ibòmíràn láti yá owó ra ẹ̀rọ ìlọ-gaàrí, wọ́n ní gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó fi hàn pé wọ́n ti san án. Oṣù mélòó kan ló fi lọ tó fi bọ̀, ìgbà tí wọ́n fi tún orúkọ rẹ̀ ṣe, àkókò gaàrí ti kọjá.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin BIC, ó sọ pé kí ẹni tó ń yá owó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Gbólóhùn yẹn sábà máa ń wà nínú ìwé tí a ń tẹ ìka sí láì kà. Òfin kan náà fún wa ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa wa, kí a sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí kò bá jẹ́ òtítọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti yá yín lówó, ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí nínú ìwé BIC mi?" Bí gbèsè bá tán, ẹ gba ìwé tó sọ pé ó tán, kí ẹ fi í pamọ́ síbi tí ẹ fi ìwé ilẹ̀ yín sí. Bí wọ́n bá yọ owó tí kò tọ́, ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èkejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní décharge.

Ẹ̀yin Kábíyèsí àti ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ báyìí. Àwọn tó ń yáni lówó máa ń wá kí yín kí wọ́n tó wọ ọjà. Ará ìlú a ní, "Wọ́n ti dé ààfin, èèyàn rere ni wọ́n." Nítorí náà, kí ẹ tó gba obì wọn, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé ìwé àṣẹ wọn wà? Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ANSSFD ló ń bojú tó àwọn ilé owó kéékèèké. Àwọn tí owó wọn bá ICC Services lọ ní ọdún 2010 mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Mélòó ni TEG wọn? Ta ni yóò ka ìwé àdéhùn ní Yorùbá fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé? Ṣé ẹni tó tẹ ìka yóò mú ẹ̀dà ìwé lọ sílé?

Ẹ̀yin aṣòfin àti ẹ̀yin olórí kọmúùnù tí a dìbò fún, ìbéèrè kẹta yẹn kàn yín. Ìwé tí a kọ ní Faransé ni wọ́n ń gbé síwájú ìyá tó ń sọ Yorùbá, ìka rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò láti mú un. A fẹ́ kí ó di dandan pé kí wọ́n ka ìwé owó yíyá fún ẹni tó ń yá a ní èdè tó gbọ́, níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó tó tẹ ìka. Ẹ gbé e dé ilé aṣòfin. Nígbà tí ẹ bá tún padà wá béèrè ìbò wa, a ó bi yín léèrè ibi tí ẹ bá a dé.

Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan wá ẹni méjì tó gbọ́ Faransé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì tàbí ọmọ ilé ìwé gíga, tí yóò máa bá àwọn ìyá wa ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èmi náà wà nínú wọn. Ẹ mú ìwé yín wá. Abèèrè kì í ṣìnà.