Bíréèkì Tí Kò Jọ̀wọ́ Táyà

Bí òtútù bá ti lọ tán ní Britain àti Kánádà, tí àwọn olórìṣà tó ń gun alùpùpù bá gbé e jáde síta, ẹjọ́ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn: alùpùpù náà wúwo. Wọ́n á tì í, kò ní lọ bó ṣe yẹ. Wọ́n á gùn ún dé ìgboro, epo á máa tán kíákíá, ẹsẹ̀ iwájú á sì gbóná. Ẹlòmíràn kò ní bẹ̀rẹ̀ wo táyà rárá. Babaláwo ló máa kọ́kọ́ pè, bóyá Ògún ló ń bínú.

Kò sóhun tó burú nínú kí ènìyàn dá Ifá. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni Ògún, kò ní bínú sí ẹni tó bá kọ́kọ́ mú sípánà.

Kí wọ́n gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fún bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ yí táyà náà. Bí dísìkì bá ń ha pádì díẹ̀, tí táyà sì ń yí, kò sí wàhálà. Bí táyà bá dúró lójú kan náà, bíréèkì ti há. Bó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló ti ń le nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, dísìkì ló ti tẹ̀.

Ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ bíréèkì máa ń ti písítìnì inú másítà, másítà á ti òróró gba inú họ́ọ̀sì lọ sí kálípà, písítìnì kálípà á sì fún pádì mọ́ dísìkì. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, rọ́bà tó yí písítìnì kálípà ká ló ń fà á padà. Kò sí sípíríǹgì kankan níbẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Òróró náà á sì gba ihò kan tó tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́ padà sínú agolo rẹ̀ lókè. Bí ihò yẹn bá dí, òróró á há sísàlẹ̀. Bíréèkì á gbóná, òróró á wú nítorí ooru, á sì tún fún dísìkì sí i. Báyìí ni táyà iwájú ṣe ń há pátápátá lórí eré, tí ẹni tó ń gùn ún á sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀.

Nípù kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà ló máa sọ ibi tí àìsàn wà. Kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́nu, kí wọ́n tú u díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì há, kí wọ́n sì tún dì í padà. Bí òróró bá tú jáde tí táyà sì yí fàlàlà, kálípà kò jẹ̀bi. Bí táyà bá ṣì le, kálípà ni.

Bí ẹ̀bi bá wà lókè, ọwọ́ bíréèkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti pààrọ̀ rẹ̀ sí aláràbarà tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ibi tó ti kan písítìnì bá fi díẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á máa tì í nígbà gbogbo, písítìnì á sì bo ihò àbọ̀ náà. Ọwọ́ bíréèkì gbọ́dọ̀ ní ìmì díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni tẹlẹ́sẹ̀. Bí ìmì bá wà níbẹ̀, ìdọ̀tí òróró àtijọ́ ló dí ihò, tàbí kí họ́ọ̀sì ti wú nínú.

Ní ti kálípà, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ni ọ̀tá rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe kálípà. Ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun á hù lẹ́yìn rọ́bà, á ti rọ́bà náà mọ́ písítìnì, písítìnì kò sì ní lè padà. Fífọ̀ ọ́ lóde kò tó. Wọ́n ní láti tú u, kí wọ́n ha ojú ibẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i. Ẹni tí kò tú kálípà rí, kó gbé e fún mẹkáníìkì, kó sì sọ ohun tó rí nígbà tó tú nípù fún un. Ìyẹn á dín owó iṣẹ́ kù.

(Ní Kúbà, níbi tí àwọn Ural àti MZ àtijọ́ ṣì ń rìn, bíréèkì onílù ló pọ̀ lára wọn. Wáyà tí wọ́n fà le jù, tàbí irin tó ń ṣí bàtà bíréèkì tó ti dípẹtà, ni kí wọ́n wò níbẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ epo wá kù. Ọ̀pọ̀ ló ń fi epo pupa, ọtí àti obì bọ Ògún nídìí alùpùpù, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pádì tó bá ti mu epo kò ní mú mọ́, àfi kí wọ́n jù ú nù. Ilẹ̀ iwájú táyà ni ibi epo, tàbí irin tó wà ní ojúbọ. Kò yẹ kí ìkán kan dé dísìkì. Gíríìsì lásán náà kò gbọ́dọ̀ kan rọ́bà kálípà, torí rọ́bà á wú, bíréèkì á sì tún há. Èyí tí wọ́n fi sílíkónì ṣe ni kí wọ́n lò. Òróró bíréèkì sì ni kí wọ́n rọ padà, irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo, DOT 4 lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé alùpùpù fi ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2 síra wọn. Ó tún ń jẹ ọ̀dà, kí wọ́n yára fi omi ṣàn án.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n fún ọwọ́ bíréèkì títí á fi le kí wọ́n tó gùn ún. Písítìnì tí wọ́n tì wọlé kì í mú ní fífún àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 gùn ún ní àdúgbò láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n kán omi sí dísìkì, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bí omi náà bá dún ṣìì, kí wọ́n padà sídìí nípù.