Louisa Hanoune àti Àwọn tí Ń Fi Ìbò Wọn Ènìyàn

Àwọn kan láàrin àwa onímọ̀ kéú a máa sọ pé kò sí ẹ̀kọ́ kankan tí a lè rí kọ́ lára Louisa Hanoune ti ilẹ̀ Àlgéríà. Wọ́n ní obìnrin ni. Wọ́n ní Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, tí ó ti ń ṣáájú láti ọdún 1990, kò tó nǹkan. Wọ́n ní ó ń tako òfin ẹbí ọdún 1984 tí wọ́n fi Ṣẹríà ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ti òfin yìí, àwa náà kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé a bínú orí kí á fi fìlà dé ìbàdí.

Ní Disẹ́ńbà 1991, ẹgbẹ́ FIS, tí ó fẹ́ fi Ìsìláàmù ṣèlú, gba àga 188 ní ìpele kìíní ìbò ilé aṣòfin. Ní Jánúárì 1992 àwọn ológun dá ìbò náà dúró. Àwọn olóṣèlú kan pàtẹ́wọ́ fún wọn. Hanoune, tí kò gba ti FIS rí, ló ní kò tọ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó bá aṣojú FIS jókòó ní Róòmù ní Jánúárì 1995, wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé tí ó pè fún ìjíròrò. Ìjọba kọ̀ ọ́.

Ẹ ní ìbò rẹ̀ kò pọ̀? Òótọ́ ni. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó du ipò ààrẹ Àlgéríà, ní 2004. Ní 2009 ó ṣe ipò kejì, pẹ̀lú ìbò mẹ́rin ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bouteflika kó 90. Àwọn alátakò ní ó sún mọ́ agbo Bouteflika jù, a kò sì ní fi í pamọ́ pé ó bá àbúrò ọkùnrin náà ṣèpàdé ní 2019. Ìpàdé yìí ni ilé ẹjọ́ ológun ní Blida torí ẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún un. Ó jáde ní Fẹ́búárì 2020. Ní Jánúárì 2021 wọ́n dá a láre.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀sìn wa pa á láṣẹ pé kí á ṣe déédé, kódà sí ẹni tí a kò fẹ́. Obìnrin tí kò bá FIS pa ìmọ̀ pọ̀ gbèjà ẹ̀tọ́ FIS. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ ẹni tí kì í ṣe ti wa dù ú lọ́la, ta ni nínú wa yóò sọ̀rọ̀? Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn olódodo. Àmín.