Bíréèkì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà

Ẹni tó bá so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì, tí kò tíì pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀, kò fẹ́ràn ọkọ̀, kò sì fẹ́ràn ènìyàn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn ọmọ wa tí wọ́n máa ń gbé BMW àti Benz wálé láti Èkó bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ṣùgbọ́n n kò ní dẹ ohùn sí i. Wọ́n á ti yọ sáìlẹ́ńsà dànù. Wọ́n á ti gé sìpíríǹgì kí ọkọ̀ lè jókòó sílẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ti dé ojú títì tó ti Igbókọ̀dá wọ Òde Màhín, ní ilẹ̀ wa ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ iná, wọ́n á máa fi ọkọ̀ pòòyì, èéfín táyà á gba gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọdé á sì dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní eré ìdárayá ni. Irọ́ ni. Eré ìdárayá ọkọ̀ ní pápá tirẹ̀, ó ní òfin, ẹni tí kò bá wọn ṣeré kì í sì í sí lójú ọ̀nà rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì ni mo ń bá jà. Òun ló gbé ìran tiwa dàgbà. Peugeot 404, 504, Datsun, Benz, títí kan Volkswagen Ìjàpá tó gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn ló ń ti gbogbo wọn. Ní 1975, ọdún tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀, ni Ove Andersson, ọmọ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 mìíràn, oníẹ́ńjìnì V6, gba ipò náà. Kí 504 tó dé rárá, 404 ti gbà á ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ọkọ̀ tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba wa ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ àti oníyanrìn.

Ẹ wá wo ohun tó mú wọn borí. Agbára ẹ́ńjìnì kọ́. 504 tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé kò ní ju nǹkan bí agbára ẹṣin 100 lọ. C300 tí ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀ ń gùn lónìí ní ju 200 lọ, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohun tí 504 ní ni sìpíríǹgì tó gùn tó láti gba kòtò mọ́ra, ara irin tí kì í tètè ya, àti awakọ̀ tó mọ ibi tí agbára ọkọ̀ rẹ̀ mọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà ni ti Joginder Singh, mẹkáníìkì ọmọ Síìkì tí wọ́n bí ní Kẹ́ńyà. Volvo PV544 tó fi gba ipò kìíní Safari ní 1965, àlòkù ni, àwọn ẹlòmíràn ti fi sáré kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Tọ́kúnbọ̀ là bá pè é níbí. Ó tún gbà á ní 1974 àti 1976 pẹ̀lú Mitsubishi Lancer, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti ìyẹn náà. Ní Ivory Coast tí kò jìnnà sí wa, Bandama Rally ọdún 1972 parí láìsí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó dé òpin rẹ̀, nítorí eré tí wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ sá ju ohun tí ọkọ̀ àti ọ̀nà lè gbà lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ agbára àti ìkáwọ́ yìí tètè yé jù. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, ẹ̀yìn ni agbára ti ń wá. Kò sí awakọ̀ ojú omi tó mọṣẹ́ ní Ugbónla tàbí Aiyétòrò tí yóò yọ ẹ́ńjìnì Yamaha 40 kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ onípákó, kó gbé èyí tó tó ìlọ́po 2 rẹ̀ kọ́ ọ, kó má wo bóyá pákó ẹ̀yìn lè gbé e, kó má tún ẹrù tò, kó sì dorí kọ odò. Ó mọ̀ pé bí òun bá fún un níná lójijì, imú ọkọ̀ á gbéra sókè. Bí òun bá sì dédé pa iná níbi tí òun ti ń yà, ìgbì ẹ̀yìn á lé òun bá. Ìmọ̀ yìí kan náà ni ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì ń béèrè lórí ilẹ̀. Nígbà tí o bá tẹ iná, ìwúwo ọkọ̀ á sún sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn á di ilẹ̀ mú. Nígbà tí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì ní àárín kọ́nà nítorí ẹ̀rù, ìwúwo á sá wá síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ. Ẹni tí kò tíì kọ́ èyí pẹ̀lú agbára ẹṣin 100, kí ló fẹ́ fi 300 ṣe?

Bíréèkì gan-an ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po 2, iṣẹ́ tí bíréèkì ní láti ṣe kí ọkọ̀ tó dúró di ìlọ́po 4. Láti 100 sí 140 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 2. Ooru ni gbogbo agbára yẹn ń dà. Lórí pápá, níbi tí èèyàn ti ń tẹ bíréèkì léraléra láìsí ìsinmi, díìsì lè gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru náà á gba ara padì wọ inú òróró bíréèkì. Òróró tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára gbọ́dọ̀ lè gba ooru tó 205 kó tó hó bó bá jẹ́ tuntun. Bó bá ti fa omi mu, ó lè hó ní 140. DOT 4 jẹ́ 230 ní tuntun, 155 bó bá ti fa omi. Ó sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ẹ wá sọ fún mi, níbo ni afẹ́fẹ́ ti lómi nínú tó Òde Màhín, tí odò àti àbàtà yí ká? Ìgò tí mẹkáníìkì ṣí lọ́dún tó kọjá, tó dé ìdérí rẹ̀ láàbọ̀, tó gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì, òun ló ń bù sínú ọkọ̀ tó ń sá 180. Bí òróró bá hó, oru rẹ̀ á wọ inú páìpù. Ẹsẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò ní dúró. Iye owó ìgò tuntun kò tó owó gíláàsì dúdú tí wọ́n ń lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà kò gùn. Nọ́ńbà 4 wà lára rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Táyà àlòkù tó ti gbẹ ní òkè òkun, tí ẹnì kan fi nǹkan dúdú kùn kó lè dán, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé ẹ̀mí lé.

Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn etí òkun wa, ó sì ń jẹ irin. BMW E46, tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn nítorí pé ó ti di olówó pọ́ọ́kú, ní àbùkù kan tí gbogbo ẹni tó ń fi sáré lágbàáyé mọ̀: ilẹ̀ irin tí wọ́n de férémù ẹ̀yìn mọ́ máa ń ya, pàápàá bí wọ́n bá ń fi agbára jà án. Kí ẹni tó bá rà á gbé e lọ sórí kòtò mẹkáníìkì, kó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò, kó jẹ́ kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ fi irin kún un. Iṣẹ́ tí kò hàn sójú ayé ni, kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣe é. Èyí tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí wẹ́dà jó gíà inú bàákì ààsù pọ̀ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè máa yí papọ̀. Lórí pápá tí a sé, ìyẹn lè bá ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbálẹ̀ mu. Lójú títì tí òjò ti rọ̀ sí, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ yà, bó bá sì yà, kì í sọ tẹ́lẹ̀.

Èmi á ní kí owó àkọ́kọ́ lọ sórí padì tó lè gba ooru, òróró bíréèkì tuntun àti páìpù rọ́bà tí kò wú. Lẹ́yìn ìyẹn, táyà. Lẹ́yìn táyà, búṣì àti ṣọ̀ọ̀kì, nítorí ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ tó ti rin ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Ṣàgámù fún ọdún díẹ̀ kò ní búṣì kankan mọ́, ó kàn ń díbọ́n ni. Gbogbo rẹ̀ wà ní ọjà Ládipọ̀ ní Mushin, bí ẹni tó ń rà bá mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Ìjókòó tó di ara mú, bẹ́líìtì tó péye, akoto. Lẹ́yìn náà, kí owó tó kù di owó epo àti owó olùkọ́. Kí ọdún kan gbáko kọjá kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ́ńjìnì létí mi.

Wọ́n á sọ pé: bàbá, kò sí pápá ní Nàìjíríà, níbo ni ká ti ṣe é? Òótọ́ ni pé a kò ní pápá ìsáré ọkọ̀ tó dúró sójú kan, irú Kyalami tó ti wà ní South Africa láti 1961, tàbí èyí tó wà nítòsí Dakar ní Senegal. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kent àti Essex lè gbé ọkọ̀ wọn lọ sí Brands Hatch lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún ará ìlú. Ní Jámánì, ẹnikẹ́ni tó bá sanwó lè wọ Nürburgring, ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 20 àti díẹ̀, tó ti wà láti 1927. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí ó ṣe ń rí ní Brands Hatch. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ wọn ariwo ọkọ̀. Èyí tó bá pariwo jù, ilé ni yóò padà sí. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìṣẹ́jú tó fi yí pápá po, torí kò gbọ́dọ̀ di ìdíje. O kò lè ya ẹnì kan sílẹ̀ àyàfi ní ibi tí wọ́n sọ, nígbà tí onítọ̀hún bá gbà ọ́ láyè. Akoto pọn dandan. Ọkọ̀ aláìsàn ń dúró. Àwọn ọmọkùnrin tí mò ń wí kò lè lo wákàtí kan níbẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn jáde.

Àìsí pápá kò sọ títì Òde Màhín di pápá. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988, ti sọ iye eré tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sá: 50 láàárín ìlú, 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Obìnrin tó gbé agbọ̀n ẹja lérí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ìran. Ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ kò fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kí táyà ẹnì kan bẹ́ lójú òun. Ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn tó fara pa gidi sí ni ìlú Oǹdó, kì í ṣe Igbókọ̀dá. Ẹ wo ọ̀nà tó wà láàárín. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ọkọ̀ pòòyì lójú pópó, mo ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́, kí wọ́n má sì dá a padà lẹ́yìn ìpè fóònù láti ààfin tàbí láti ọ́fíìsì ẹnì kan.

Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá máa gba gbogbo ọkọ̀ tó bá ti jókòó sílẹ̀, pé ọmọ jìbìtì ni gbogbo wọn. N kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó lè tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, tó sì lè tò ó padà, ẹ̀bùn ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyà ẹlòmíràn jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ wa ní ẹsẹ̀ odò kò lè gbé pápá, àbàtà ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ wà ní agbègbè Òkìtìpupa àti Ọ̀rẹ̀. Ọ̀dà tí a ó fi tẹ́ ẹ náà kò jìnnà. Nígbà tí àwọn Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ ní 1908, agbègbè Arárọ̀mí, ní ìpínlẹ̀ wa, ni wọ́n wá; títí di òní, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Àgbábù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó jókòó lórí ọ̀dà kò ní àwíjàre pé òun kò lè tẹ́ kìlómítà 2 pẹ̀lú kọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó fi yanrìn àti táyà àlòkù sé etí rẹ̀, kó fi ọkọ̀ aláìsàn kan àti àwọn panápaná síbẹ̀ ní Sátidé kan lóṣù, kó sì gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Kí mẹkáníìkì kan dúró lẹ́nu géètì náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ táyà iwájú, kó wo padì, kó ṣí ìdérí òróró bíréèkì, kó ka nọ́ńbà ara táyà. Ọkọ̀ tí kò bá yege, kó má wọlé, ì báà ní agbára ẹṣin 500.