Ta Ni Ó Gbẹ́ Wọn?

Ọ̀rọ̀ ọmọ àti iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ yàn láàyò ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yọ èmi gan-an sílẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ni ó pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ kò dùn rárá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí o. Ìmọ̀ òfin ni èmi àti bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ kà, ó ní rárá, ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ ni òun yóò kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ní òun fẹ́ máa gbẹ́ ilẹ̀, kí òun máa wú àpáàdì! Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn jẹ?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣèlérí pé n óò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Kí n má purọ́, ẹ̀yìn àbúrò mi ni mo wà.

Ọmọ náà dé ní ọjọ́ Sátidé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì jókòó. Kí n tó la ẹnu, òun ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè. "Mọ́mì, àwọn ère ìbejì tí wọ́n ní ó wà ní yàrá ìyá bàbá yín, níbo ni wọ́n wà báyìí?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ìyá bàbá mi bí ìbejì, wọn kò sì dúró. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa láyé ìgbà náà, wọ́n gbẹ́ ère méjì dípò wọn. Mo rántí bí màmá ṣe máa ń wẹ̀ wọ́n, tí ó ń fi osùn pa wọ́n lára, tí ó sì ń gbé ẹ̀wà síwájú wọn. Orúkọ wọn ni ó fi ń pè wọ́n, n kò gbọ́ kí ó pè wọ́n ní igi rí. Nígbà tí bàbá wa di olóògbé tí a ń palẹ̀ ilé mọ́, ọkùnrin kan tí ó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri yà sọ́dọ̀ wa. Owó tí ó san kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Èmi ni mo gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni ó gbẹ́ wọn, Mọ́mì? Ọdún wo ni? Ṣé ẹ ní fọ́tò wọn?" N kò ní ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ náà kò bá mi wí, ó kàn wolẹ̀ ni.

Oorun kò kùn mí ní òru ọjọ́ náà. Mo jókòó, mo ń kà nípa ẹni tí ọmọ náà sọ pé òun fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Agbègbè Calabar ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1931. Ó kàwé ní Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1968 ni ó di olórí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ohun àtijọ́, ipò tí àwọn òyìnbó ti ń dì mú tẹ́lẹ̀. Ẹ wo irú àkókò tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́: ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Nínú ogun náà ni ọ̀pọ̀ ère ekpu, èyí tí àwọn ará Oron fi ń rántí àwọn baba ńlá wọn, ti ṣègbé kúrò nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n kó wọn sí. Ìtòsí ilé rẹ̀ ni èyí ti ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ilẹ̀ wa ni ó wá gbẹ́. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, ó ṣiṣẹ́ ní Igbó'Lájà ní ìlú Ọ̀wọ̀. Àwọn ère amọ̀ ni ó hú jáde níbẹ̀: orí ènìyàn, ọwọ́, àwọn ohun ìrúbọ, àti ẹkùn kan tí ó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn há ẹnu. Àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nínú wọn, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọnà yóò rí ohun tí ó jọ ti Ifẹ̀, yóò sì rí ohun tí ó jọ ti Bìní, nítorí àárín ìlú méjèèjì ni Ọ̀wọ̀ wà.

Ibí yìí ni òye ti yé mi. Ká ní oníṣòwò kan ni ó wú àwọn ère wọ̀nyí ní òru tí ó sì tà wọ́n, bóyá Ifẹ̀ ni ẹni tí ó bá rà wọ́n ìbá sọ pé wọ́n ti wá, orúkọ Ọ̀wọ̀ ìbá sì parẹ́. Nítorí pé a mọ ibi tí wọ́n ti jáde gan-an ni wọ́n fi lè jẹ́rìí fún ìlú wọn. Ohun tí a kò mọ orírun rẹ̀ ti di odi. Àwọn ìbejì ìyá bàbá mi ti di odi báyìí, níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Iṣẹ́ Eyo kò rọrùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí mùsíọ́ọ̀mù ìlú Bìní, ohun tí wọn yóò pàtẹ kò tó, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó ohun ààfin lọ ní ọdún 1897. Wọ́n bẹ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní púpọ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n dá díẹ̀ padà, wọn kò rí ìdáhùn gidi. Fọ́tò àti àwòṣe ni wọ́n fi dí àlàfo nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1973. Nígbà FESTAC ní 1977, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti London kọ̀ láti yá wa ní ìbòjú Ìyá Ọba Idia tí a fi ṣe àmì ọdún náà. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ lò.

Ọkùnrin náà kò káwọ́ gbera. Ní 1979, ẹ̀ka tí ó ń darí di àjọ tí ó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí jákèjádò Nàìjíríà, òun sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1980, àfihàn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ṣí ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ó sì rin ìrìn àjò dé Yúróòpù. Láti 1986, ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Maryland. Ó jáde láyé ní 2011. Ní oṣù Kejìlá 2022 ni Jámánì kó 20 lára àwọn ohun Bìní wá sí Àbújá, ní 2025 sì ni Netherlands dá 119 padà. Ẹni tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò sí níbẹ̀ láti gbà wọ́n.

Mo pe àbúrò mi padà. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọ ka ohun tí ó wù ú. "Owó ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" N kò tàn án jẹ. Mo ní iṣẹ́ yìí kì í tètè sọ ènìyàn di olówó, pé ọmọ náà ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́, àti pé èmi yóò dá sí owó ilé ìwé rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun yóò bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, èmi àti ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá tí ó dàgbà jùlọ nínú ẹbí wa. A bi í léèrè nípa agbẹ́gilére náà. Màmá ronú títí. "Orúkọ rẹ̀ ti lọ lórí mi. Ará ìsàlẹ̀ ọjà ni. Ó máa ń wúkọ́." Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí ó wà nílé yín ńkọ́? Ọpọ́n ayò, ìlẹ̀kẹ̀, ìlù, aṣọ òkè ìyá àgbà: ẹ ya fọ́tò wọn lónìí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe wọ́n, ẹni tí ó lò wọ́n, àti ìlú tí wọ́n ti wá. Bí oníṣòwò bá dé, ẹ rántí pé òfin 1979 kò fàyè gba kíkó ohun àtijọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá sì ní màmá kan tí ó ṣì lè rántí, ẹ má dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn.