Volks, Ó Wà O!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin LASU kan jókòó tì mí nínú dánfó tó ń bọ̀ láti Mile 2. Bí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ṣe ké pe Volks, mo bi í bóyá ó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, bóyá orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ra ilẹ̀ ibẹ̀ ni." Bàbá àgbàlagbà kan tó wà níwájú wa yíjú padà.

"Ilé-iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Mo ṣe ọdún mọ́kànlá níbẹ̀."

Ìjọba àpapọ̀ àti Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì ló jọ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ní 1975 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Beetle tí àwọn òbí wa sọ ní Ìjàpá wà lára wọn, Passat àti Igala náà sì wà. Iṣẹ́ bàbá yìí ni kí ó máa de ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀. Ó ní bí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn Ìjàpá dé, òun yóò mọ̀ látinú ìró rẹ̀ bóyá ọwọ́ òun ló dè é. N kò lè sọ pé mo gbà á gbọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n n kò jiyàn.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn wọ Èkó mọ ère àgbà mẹ́ta tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1991, iṣẹ́ ọwọ́ Bọ́dún Ṣódẹ̀ínдé: àwọn olóyè onífìlà tó na ìkúùkù láti kí àlejò. Ní ọ̀nà tiwa, láti Ọ̀jọ́ dé Òkókómaikò, ẹnu kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ni ère wa. Ó ń pe Barracks, ó ń pe Ìyànà Ìbà, ó ń pe Afromedia tó jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ onípátákó ìpolówó. Orúkọ wọ̀nyí ń fi ẹ̀rí ohun tó wà níbẹ̀ pa mọ́, àmọ́ wọn kì í ṣàlàyé ara wọn.

Ẹ wo Trade Fair. Zoran Bojović, ayàwòrán-ilé láti Yugoslavia, ló ya àwọn gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé níbẹ̀ ní 1977. Lónìí, bí ẹ bá sọ pé ẹ ń lọ sí Trade Fair, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn máa rò pé ẹ fẹ́ rà. Kò burú. Ọjà dára ju ilé òfìfo lọ. Síbẹ̀, ó wù mí kí ẹni tó ń ra búrékì níbẹ̀ gbójú sókè wo òrùlé náà lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà yìí ní 2009, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àti ilé ló lọ. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Apá kejì ni yóò dé Òkókómaikò. Ẹ̀rọ ni yóò máa pe ibùdó nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò ní pe orúkọ tí wọn kò bá kọ fún un. Ẹ̀bẹ̀ mi kéré: kí wọ́n gbé Ìjàpá kan, ojúlówó irin, lé orí ìpìlẹ̀ kọnkéré ní Volks, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó tò ó síbẹ̀ nígbà tí díẹ̀ nínú wọn ṣì lè kà á. Bàbá mi yìí ti ń lo awò ojú méjì.

Mo sọ èyí fún un. Ó ní bí wọ́n bá máa ṣe é, kí wọ́n má ṣe lẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí ọmọdé lè máa ṣí i, kí wọ́n máa pa á dé. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ara ọkọ̀.

"Volks, ó wà o!"

Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ dì í lápá mú, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.