Ẹ Jẹ́ Kí Aboyún Gbọ́ Nípa Iṣẹ́ Abẹ Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Dé



"Ẹ óò bí wẹ́rẹ́, abẹ kò ní kàn yín." Àdúrà yìí kò jìnnà sétí aboyún nílẹ̀ wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kó bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Àwa náà ń ṣe àmín sí bíbí wẹ́rẹ́. Ohun tó ń dùn wá ni pé a ti ka iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde mọ́ ikú àti òfò, débi pé bí dókítà bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí obìnrin ń gbọ́ ni pé ayé ti ṣe òun.

Àwọn baba ńlá wa kò rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ ń gbà wáyé. Èyí tó mú ẹsẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Ìgè. Èyí tó gbé ibi kọ́rùn, wọ́n sọ ọ́ ní Òjó tàbí Àìná. Kò sẹ́ni tó ní ìyá Ìgè kì í ṣe abiyamọ. Ta ló wá kọ́ wa pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kò mọ ìkúnlẹ̀?

Ìdí wà tí dókítà fi ń dárúkọ abẹ. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ ló bo ẹnu ilé ọmọ. Bí obìnrin bá rọbí, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa dà. Nígbà mìíràn ọmọ dábùú, tàbí kí egungun ìbàdí ìyá má gba orí ọmọ. Kò sí àgbo, kò sí òróró àdúrà tó ń mú egungun fẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó máa rọbí lọ bẹ́ẹ̀, ilé ọmọ lè fàya, ọmọ lè kú sínú, orí tó há sì lè tẹ àpò ìtọ̀ títí yóò fi lu, tí ìtọ̀ á máa jò lára ìyá tọ̀sán tòru.

Abẹ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, oyún tó bá tẹ̀ lé e sì ń fẹ́ àmójútó. Àwọn mìíràn tún lè fi ojú ara bí lẹ́yìn abẹ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí iṣẹ́ abẹ bá ti ń pọ̀ sí i dé 10 nínú 100 ìbímọ, ikú ìyá àti ti ọmọ tuntun ń dín kù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé ó tún ń gba ẹ̀mí là sí i. Ìwádìí ìlera Nàìjíríà ní 2018 rí i pé nǹkan bí 3 péré nínú 100 ìbímọ ló jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí kan náà ṣírò ikú ìyá sí 512 nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè.

Ìgbà wo ni obìnrin wa ń kọ́kọ́ gbọ́ àlàyé abẹ? Fún ọ̀pọ̀, ọjọ́ ìrọbí gan-an ni. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀, ọkọ ò sí nílé, ìyá ọkọ ń pe wòlíì lórí fóònù. Ẹni tí ìrora ń bá fínra lọ́wọ́ kò lè kẹ́kọ̀ọ́! Oṣù tí oyún ṣì wà ní kékeré ni kí nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́, kí ọkọ àti ìyá ọkọ jókòó gbọ́ ọ, kí obìnrin tó ti ṣe é rí dìde sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá sì kan ìfọwọ́sí, àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀. Kí wọ́n má fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró de ọkọ.

Owó ń lé ọ̀pọ̀ sá, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ètò Abíyè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ṣe é rí: ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí wọ́n ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010 ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2024, mínísítà ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn aboyún tí kò lówó lọ́wọ́. Kí ìjọba kéde orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe é lórí rédíò, lọ́jà àti ní ilé àgbẹ̀bí. Kí nọ́ọ̀sì kọ èyí tó súnmọ́ jù sára káàdì aboyún, pẹ̀lú orúkọ ẹni méjì tí yóò fún un lẹ́jẹ̀ àti nọ́ńbà awakọ̀ tí yóò gbé e lóru.